Bí A Ṣe Lè Ṣe Ìwádìí Ìlera ní Ọgbà Mẹ́káníìkì: Ẹ̀jẹ̀ Ríru, Ewu Iṣẹ́ àti Ìṣesí Ojoojúmọ́

Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn àrùn tí iṣẹ́ ọwọ́ máa ń kó bá ènìyàn, ó sì gba àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n máa ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lo ń ṣe? Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí, síbẹ̀ bí pánẹ́bítà bá gbé orí fífọ́ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fún un lóògùn, kí ó sì padà sílé láìsí ẹni tó béèrè iye wákàtí tó fi ń lu irin lóòjọ́, irú èéfín tó ń fà símú, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń jẹun ọ̀sán. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlera, fún òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, àti fún olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ mọ bí ara àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an. Ọgbà mẹ́káníìkì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù, àti nítorí pé ewu iṣẹ́ tí kò bá sí níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nínú ọjà, ní ìsọ̀ télọ̀ tàbí ní gáréèjì ọkọ̀ akérò yóò rí i pé ọ̀nà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ

Ẹni tó bá kàn gbé ẹ̀rọ ìfúnpá lọ sí ọgbà, tó ń wọn gbogbo ẹni tó bá na apá, yóò kó nọ́ńbà púpọ̀ délé, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ìbéèrè tó dára máa ń fi ohun méjì wé ara wọn. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ èsì ìwádìí wọn jáde ní 1953. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ni wọ́n wò: awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì lọ sókè sódò láti gba owó. Títì kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń san owó wọn, síbẹ̀ àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ti àwọn awakọ̀, èyí tó sì mú kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í sábà le tó ti awakọ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, ọ̀rọ̀ ìbá dùn, ìbá sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ní 1956 wọ́n padà lọ yẹ ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ àwọn ènìyàn náà sílẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ tóbi ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, kódà láàárín àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ pé ẹni tó sanra ló ti ń forí lé ìdí ìwakọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣòkòtò yìí ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ẹnìkan bá yára sọ fún mi pé iṣẹ́ báyìí ló ń fa àrùn báyìí. Nínú ọgbà tiwa náà, òbí tó bá rí i pé ara ọmọ òun kò le tó lè ní kí ó lọ kọ́ ríwáyà dípò pánẹ́bítà. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè kan síbẹ̀ nípa ìdí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi yan ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó mọ níwọ̀n lè lọ báyìí: láàárín àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún nínú ọgbà yìí, mélòó ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mélòó nínú wọn ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé ó sì pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ju àwọn yòókù lọ? Wákàtí 55 yìí ní ìdí. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde ní 2021 pé ní ọdún 2016 nìkan, ènìyàn 745,000 ni rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó tinú iṣẹ́ àṣejù wá pa káàkiri àgbáyé, àti pé ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Ẹ wá ṣírò ti mẹ́káníìkì tó ń ṣí ìsọ̀ ní aago méje àárọ̀, tó ń tì í ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 66 nìyẹn, a kò tíì ka ọjọ́ tí oníbàárà tó ń rìnrìn àjò lọ́la bá dá a dúró di òru.

Àṣẹ, ìyọ̀ǹda àti yíyan ènìyàn

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014 kò gbà kí a fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ètò yín lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò, yálà ti yunifásítì, ti ilé ìwòsàn ńlá tàbí ti ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò lọ kí alága ẹgbẹ́ àti àwọn àgbà ọgbà, ẹ óò sì ṣàlàyé níwájú ìpàdé. Àṣẹ alága yóò ṣí géètì fún yín, ṣùgbọ́n kò ṣí apá ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún pé “Jókòó, kí wọ́n wọ̀n ọ́” kò tíì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ẹ mú un sẹ́yìn díẹ̀, ẹ sọ fún un pé ó lè kọ̀ láìsí ìbínú, kí ẹ sì fún un láyè láti kọ̀ ní tòótọ́. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òun náà sì gbọ́dọ̀ gbà.

Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ kì í tó. Ọmọ iṣẹ́ kì í sábà sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ, ẹni tó ń ta ọ́ìlì, àti fọkanáísà tó wà lẹ́nu géètì. Ẹ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí ẹ kọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí 240 ènìyàn, tí agbára yín sì ká 80, ẹnìkan nínú mẹ́ta ni ẹ óò mú. Ẹ ká bébà mẹ́ta tí ẹ kọ 1, 2 àti 3 sí, kí ẹnìkan mú ọ̀kan: bí ó bá mú 2, ẹni kejì lórí ìwé ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni karùn-ún, ìkẹjọ, ìkọkànlá, títí dé òpin. Ẹni tí ẹ bá yàn tí kò sí nílé lónìí, ẹ padà wá a lọ́la. Ẹ má ṣe fi ẹni tó kàn dúró sí tòsí dípò rẹ̀, nítorí ẹni tó ń fi ìtara wá kí a wọn òun lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìwádìí kéékèèké sábà máa ń gbàgbé. Ẹni tí ara rẹ̀ gbà á ló ń wá síbi iṣẹ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti dá sílẹ̀ wà nílé, ìsọ̀ rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wọn kìkì àwọn tí ẹ bá nínú ọgbà, iṣẹ́ tó le jù lọ lè dà bí èyí tó ṣara lóore jù lọ, nítorí ó ti lé àwọn tí kò lè fara dà á lọ. Ẹ ní kí akọ̀wé mú ìwé orúkọ ọdún márùn-ún sẹ́yìn wá, kí ẹ sì béèrè nípa ẹnìkọ̀ọ̀kan tí kò sí mọ́: ṣé ó kó lọ sí ibòmíràn ni, ṣé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn, tàbí ó ti kú? Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìdí pàtàkì tí ẹ fi wá wà lójú ewé yẹn.

Bí a ṣe ń béèrè

Ọjọ́ orí ni ẹ óò kọ́kọ́ bá jà. Àgbà kan lè sọ pé òun jẹ́ àádọ́ta ọdún lónìí, kí ó tún jẹ́ ọgọ́ta lọ́la, kì í sì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ mú un. Fún àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀, èyí tó dára jù ni oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti apá òsì títì sí apá ọ̀tún. Kò sí mẹ́káníìkì àgbà tí kò mọ̀ bóyá ó ti ń tẹ̀lé ọ̀gá nígbà yẹn tàbí ó ṣì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyípadà owó pọ́n-ùn sí náírà ní oṣù kìíní 1973 náà ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọdún òmìnira, 1960, fún àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ.

Ní ti ọtí, ẹ má ṣe béèrè pé “Ṣé ẹ máa ń mu ọtí?” Ohun tí ẹ óò gbọ́ ni pé “Rárá o” tàbí “Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.” Ẹ béèrè nípa ọjọ́ méje tó kọjá, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dárúkọ ohun tí wọ́n ń mu bí wọ́n ṣe ń pè é: paraga, ògógóró, bíà, ẹmu. Ẹ mú ife paraga kékeré kan àti ìgò bíà kan dání, kí wọ́n lè fọwọ́ tọ́ka sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò ka paraga sí ọtí rárá. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì mu ife mẹ́ta lójúmọ́ á fi ọkàn tòótọ́ sọ fún yín pé òun kì í mutí. Bákan náà ni ti sìgá: ẹ béèrè igi mélòó lójúmọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹnìkan ń mu ún nínú ìsọ̀ kan náà, nítorí ọmọ iṣẹ́ ń fa èéfín ọ̀gá rẹ̀.

Bí ẹ bá bi pánẹ́bítà pé ṣé ó máa ń ṣe eré ìdárayá, yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ó sì ti ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ìdí nìyí tí ìlànà ìwádìí STEPS ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ya ìlò ara sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́, èyí tó jẹ́ ti ìrìn láti ibì kan dé ibòmíràn, àti èyí tí a ṣe fún ìgbádùn. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀. Àwọn olùwádìí ní Denmark tẹ èsì kan jáde ní 2021 tó fi hàn pé eré ìdárayá tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn ń dín ewu àrùn ọkàn kù, nígbà tí iṣẹ́ agbára tó pọ̀ níbi iṣẹ́ ń bá ewu tó ga sí i rìn. Ó dà bíi pé ó tako ọ̀rọ̀ àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n gígun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìsinmi láàárín kò jọ gbígbé irin wúwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́ láìsinmi. Nítorí náà, bí mẹ́káníìkì bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òun ti tó òun ní eré ìdárayá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bá a gbè é.

Ní ti oúnjẹ, mo ti rí ìwé ìbéèrè tó bi ọkùnrin pé ṣé iyọ̀ inú oúnjẹ rẹ̀ pọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Kì í ṣe òun ló sè é. Ìyá olóúnjẹ ló mọ̀. Ẹ lọ jókòó tì í lẹ́yìn tí èrò ọ̀sán bá ti lọ, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ béèrè àpò iyọ̀ mélòó ló ń lò lọ́sẹ̀ àti abọ́ mélòó ló ń tà. Ká sọ pé ó lo kílò kan, ó sì ta abọ́ 400: gíráàmù méjì ààbọ̀ ló wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, láìtíì ka èyí tó wà nínú mágì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lóòjọ́, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún kọjá ẹnu. Abọ́ àmàlà kan ti kó ìdajì rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo, lè wúlò ju ojú ewé mẹ́ta tí ẹ bá kọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọ̀n

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo ní kí àwọn ènìyàn tò, mo sì ń wọ̀n wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó jọ pé ìdajì ọgbà náà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà wo ìwé náà, ó ní kí n padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí n sì mú àga dání. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà ló lọ sílẹ̀. Ríwáyà kan sọ fún mi pé òun kò sùn mọ́jú nítorí ohun tí mo sọ fún òun lánàá, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá ibi tó pa rọ́rọ́, tó ní òjìji, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀n kò gbọdọ̀ ti mu sìgá, kọfí tàbí ṣe iṣẹ́ agbára fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó ti lọ tọ̀. Kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá rẹ̀ sinmi lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kí a sì wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ awọ ara gan-an, kì í ṣe mọ́ orí ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́. Ìlànà STEPS ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín, kí a sì mú ìpíndọ́gba ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àkọ́kọ́ sábà máa ń ga jù nítorí àyà tó ń já. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè lọ́wọ́.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, ẹ fi òòlù sílẹ̀ ná, kí ẹ wá fẹ̀yìn ti àga yìí.”

“Ṣebí BP lásán ni? Wọ̀n ọ́n kíá, oníbàárà mi ń bọ̀.”

“Bàbá mi, bí mo bá wọ̀n ọ́n báyìí, òòlù yín ni mo wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yin.”

Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ló máa ń fún mi ní ìṣẹ́jú 15 tí mo nílò.

Ẹ kíyè sí apá. Àpò afẹ́fẹ́ inú aṣọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún apá ká. Apá ẹni tó ti ń ju òòlù fún ogún ọdún kì í ṣe apá akọ̀wé báńkì. Bí aṣọ náà bá kéré jù fún un, nọ́ńbà yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ra èyí tó tóbi mọ́ èyí tó wọ́pọ̀, kí ẹ sì wọn àyíká apá kí ẹ tó yan. Bí ó bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa wọ̀n, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ènìyàn kan náà, kí wọ́n sì fi èsì wọn wéra títí yóò fi bára mu. Ohun tó jẹ́ kí a lè gbára lé ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 nìyẹn: ìlànà kan náà àti ẹ̀kọ́ kan náà fún àwọn tó ń wọ̀n ni wọ́n lò láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Karibíánì àti ẹ̀bá Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karibíánì àti 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ń gbé àti bí wọ́n ṣe ń gbé ló yàtọ̀. Ká ní onílùú kọ̀ọ̀kan wọ̀n bó ṣe wù ú ni, kò sí ohun tí nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ìbá sọ fún wa.

Ìbàdí rọrùn: ẹ fi téèpù sí àárín egungun ìhà tó kángun sísàlẹ̀ àti òkè egungun ìbàdí, kí ó mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ kà á. Fún ọkùnrin, ewu ń bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 94, ó sì ga gidi láti 102. Fún obìnrin, 80 àti 88. Ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ lára ẹni tí kò jẹun fún wákàtí mẹ́jọ. 126 mg/dL sókè, tàbí 7.0 lórí ẹ̀rọ tó ń lo ìwọ̀n kejì (mmol/L), gba àyẹ̀wò míràn ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó gún ìka. Bẹntiróòlù ni mẹ́káníìkì fi ń bọ́ gíríìsì kúrò lọ́wọ́, omi ọsàn tàbí àkàrà dídùn sì lè wà lórí ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìtàn àwẹ̀ fún yín.

Rírin ọgbà já

Ẹ ya òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ má wọn ẹnikẹ́ni, kí ẹ kàn máa rìn, kí ẹ máa wò, kí ẹ máa kọ. Ẹ dúró ní ìwọ̀n nínà apá kan sí oníṣẹ́ tó ń lu irin: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti ṣeé ṣe kó kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, ìyẹn ààlà tí a sábà máa ń fà fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń fi ẹnu fa bẹntiróòlù láti inú táńkì pẹ̀lú rọ́bà. Bẹnsíìnì, kẹ́míkà kan tó wà nínú bẹntiróòlù, wà lára ohun tí àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé kà sí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì kún un ní 2012, èéfín wẹ́dà sì ní 2017. Bẹntiróòlù tó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìdúró de jẹjẹrẹ rárá.

Ẹ wo onibátìrì náà. Òjé inú bátìrì ń gbé ìfúnpá sókè, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń bá aṣọ iṣẹ́ wọlé lọ bá àwọn ọmọ. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú erùpẹ̀ tí àwọn awagóòlù ń lọ̀ nínú abúlé pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ béèrè ibi tí onibátìrì ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń fọ̀ ọ́, àti bóyá ó ń jẹun lórí tábìlì tó ti ń tú bátìrì. Ẹ tún kọ ẹni tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, àti ẹni tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku bíréèkì, nítorí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà nínú páàdì àtijọ́.

Ní ti ìfarapa, ènìyàn kì í rántí ọgbẹ́ kéékèèké fún ọdún kan. Ẹ fi ọdún Iléyá tó kọjá ṣe ààlà, kí ẹ sì béèrè kìkì èyí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, ó kéré tán.

Bí a ṣe ń kà á

Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ sórí ìwé èsì, kì í ṣe orúkọ. Ìwé tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, ẹ tì í mọ́ ibòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ti ẹni tí ìpíndọ́gba nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ kódà bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dára lónìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbàgbé ẹni kejì yìí, wọ́n á sì ka ẹni tí oògùn ń ràn lọ́wọ́ mọ́ ẹni tí kò ní àrùn. Fún ìṣirò nìkan ni o. Dókítà kì í fi ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo sọ pé ẹnìkan ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí ọjọ́ orí kí ẹ tó fi ẹ̀ka iṣẹ́ wéra, nítorí ìfúnpá ń bá ọjọ́ orí gòkè. Bí àwọn pánẹ́bítà bá jẹ́ àgbà, tí àwọn ríwáyà sì jẹ́ ọ̀dọ́, ọjọ́ orí ni ẹ ń kà, iṣẹ́ kọ́. Bí ó bá jẹ́ wẹ́dà mẹ́fà ni ẹ wọ̀n, tí mẹ́ta sì ní in, ẹ kọ “mẹ́ta nínú mẹ́fà”, ẹ má kọ “ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.” Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ìfúnpá tí a ń fi etí gbọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ ní méjì méjì, ẹ ka iye nọ́ńbà tó parí sí òdo. Tí wọ́n bá pọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ẹni tó ń wọ̀n ń fi ojú díwọ̀n ni.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga

Ẹ má gbé ẹ̀rọ jáde rárá bí ẹ kò bá tíì bá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ẹ óò fi ránṣẹ́. Èsì ẹnìkọ̀ọ̀kan, òun nìkan ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ní kọ̀rọ̀, kódà bí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ mọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ bá tó 180 tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tó 120, tí àyà ń dùn, tí èémí kò tó, tí ojú ń ṣú tàbí tí apá kan ara ń rẹ̀, ẹ má fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ gbé àpapọ̀ èsì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ní Yorùbá tó yé ọmọ iṣẹ́. Kí ìmọ̀ràn yín bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó mú ewu kúrò pátápátá, kí ó tó kan bàtà àti gíláàsì: pọ́ǹpù tí a ń fi ọwọ́ fa epo tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa bẹntiróòlù mọ́, irin ìdúró sábẹ́ ọkọ̀, omi láti fi fọ eruku bíréèkì, ìyá olóúnjẹ tó gbà láti dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu àwọn oníbàárà rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ bá ẹnìkọ̀ọ̀kan tí ẹ fún ní ìwé, ní ìsọ̀ rẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá ó lọ. Àwọn tí kò lọ, ẹ má bá wọn wí. Ẹ jókòó, kí ẹ béèrè ohun tó dá wọn dúró: owó ọkọ̀ ni, ọjọ́ iṣẹ́ tó máa ṣòfò ni, ìlà gígùn ni, tàbí ara tí kò dùn wọ́n rárá ni? Ẹ kọ èsì yẹn ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, kí ẹ sì mú un lọ bá ilé ìwòsàn náà.